Ìdìmú Tí À Ń Pè Ní Dúró-dè-wọ́n

Atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Wednesday yẹn. Chinook ni wọ́n ń pè é níbí. Ó máa ń ti orí òkè tó wà níwọ̀-oòrùn wá láàárín òtútù, á kàn dé bí àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣáájú, snow tó ti le bí òkúta níwájú ilé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Omi ń ro tó, tó, tó láti etí òrùlé sórí àtẹ̀gùn. Ojú ọ̀run pín sí méjì, apá kan ṣú, apá kejì mọ́lẹ̀ kedere, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Mo ṣí fèrèsé kíṣìnì, mo gbọ́ tí ẹyẹ kan ké, mo wá sọ fún ọmọ ọmọ mi, Morẹ́nikẹ́, pé kó má wọ kóòtù ńlá yẹn, kékeré ti tó. Ó ní, "Okay, Grandma." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ wọ train lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbé basement wa, àti ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Sunday, ẹ ti ń bi mí pé kí ló ṣe ọwọ́ Morẹ́nikẹ́ tí wọ́n fi dì í funfun báyẹn. Mo kàn ń sọ fún yín pé ó ṣubú ni. Kò ṣubú. Mo fẹ́ sọ bó ṣe rí gan-an, ṣùgbọ́n ẹ máa ní sùúrù fún mi, torí ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ ní Calgary, ní Canada níbí. Ilé ló ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó bí ìyá ọ̀pọ̀ nínú yín.

Ní ìlú wa ní Èkìtì, nígbà tí mo wà ní kékeré, gbogbo ọmọ ni wọ́n ń kọ́ ní ìjàkadì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọkùnrin ni wọ́n ń kọ́ obìnrin. Ti àwọn ọkùnrin, nítorí ọdún ìjẹṣu ni, kí wọ́n lè jà níwájú ààfin kí àwọn ọmọge sì rí wọn. Tiwa, nítorí ọ̀nà ni. Odò jìnnà, oko jìnnà, àwa obìnrin la sì ń lọ tí a ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí à ń pè ní Bàbá Ayọ̀ ló ń kọ́ wa. Àgbẹ̀ ni. Kò ga. Etí rẹ̀ kan ti rún wómúwómú látinú ìjàkadì ìgbà èwe rẹ̀, a sì máa ń sọ láàárín ara wa pé eku ló jẹ ẹ́.

Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ la ti ń jà, lábẹ́ igi ìyeyè ńlá kan. Àwa ọmọbìnrin la máa ń ru yanrìn wá síbẹ̀ láti etí odò. A ó fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kí òkúta má baà kù sínú rẹ̀, a ó tú u sílẹ̀, a ó wọ́n omi sí i. Mo ṣì ń gbọ́ ìró ibẹ̀ bí mo bá dijú. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú, ẹ̀yìn rẹ̀ á dún gbì, á kún. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, á dún pàà, bí ìgbà tí wọ́n ju awọ tútù mọ́lẹ̀. Bàbá Ayọ̀ á jókòó sórí àpótí, á máa bó iṣu tàbí kó máa pọ́n àdá rẹ̀, kò ní gbójú sókè. Á kàn gbọ́ ìró náà, á ní, "Tún un ṣubú." Ẹni náà á dìde, á tún un ṣubú.

Ìṣubú la kọ́kọ́ kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan bí wọ́n ṣe ń dí ẹ̀ṣẹ́. Bàbá Ayọ̀ á kó ìyeyè tí kò tíì pọ́n sínú igbá, á máa jù ú lù wá lójú. Ó ní a ò gbọdọ̀ wo èso, èjìká òun ni ká máa wò, torí kí ọwọ́ tó gbéra, èjìká á ti mì. Bí ohun náà bá ń bọ̀, a kò ní fi àtẹ́lẹwọ́ pàdé rẹ̀. Apá la ó gbé sókè, ìgúnpá á tẹ̀ síwájú, kí ohun tó ń bọ̀ lè yọ̀ kọjá bí òjò ṣe ń yọ̀ lórí ewé kókò. Ó rọrùn lẹ́nu. Àwa tí ojú wa wú la mọ̀.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Àṣàkẹ́ la máa ń jà jù, torí a jọ ga bákan náà. Lọ́jọ́ kan, a di ara wa mú débi pé a yí kúrò lórí yanrìn, a yí gba ẹ̀yìn ilé ìdáná, a sì já sínú kòtò tí àwọn ìyá ti ń fọ epo. Nígbà tí a jáde, òun pupa, èmi pupa, kò sẹ́ni tó mọ èwo ni ọmọ tirẹ̀. Ìyá mi fẹ́ gbá mi létí. Kí n tó mọ̀, apá mi ti lọ sókè, mo ti dí i. Ó tún gbé ọwọ́, mo tún dí i. Gbogbo agbo ilé ń rẹ́rìn-ín, ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá Ayọ̀ fúnra rẹ̀ ló fi iṣu sílẹ̀, tó wá di ọwọ́ mi méjèèjì mú sẹ́yìn kí ìyá mi lè rí etí náà gbá dáadáa. Ó ní òun kò kọ́ ẹnikẹ́ni láti dí ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Bí ọdún ìjẹṣu bá ń bọ̀, ìlú kì í gbé jẹ́ẹ́. Láàárọ̀, kí oòrùn tó le, ẹ ó máa gbọ́ tí àwọn ọkùnrin ń gbá itan wọn, pá, pá, láti agbolé kan dé òmíràn, bí ìgbà tí wọ́n ń la igi. Àwọn ìyá á máa kun ẹ̀yìn ọmọ wọn ní àdín kí ọwọ́ má baà rí i dì mú. Àwọn alátakò á fi yanrìn pa ọwọ́ ara wọn kí ọwọ́ lè rí i dì mú. Iṣu kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún ẹni tó bá borí. Ẹni tó gba iṣu náà kì í jẹ ẹ́, yóò so ó kọ́ sí ojú ilé kí gbogbo ènìyàn lè rí i títí yóò fi jẹrà. Ọjọ́ kan wà nínú ọdún náà tó jẹ́ ti àwa ọmọbìnrin. Mo gba iṣu yẹn rí. Àwọn ọmọ tí mo bí ò gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí Bàbá Ayọ̀ kọ́ àwa obìnrin, ìdìmú kan ló ń tẹnu mọ́ jù. Dúró-dè-wọ́n ló ń pè é. Bí ọkùnrin bá fà ọ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ó ní, má fà á padà, torí agbára rẹ̀ ju tìẹ lọ. Má sá, torí yóò bá ọ. Sún mọ́ ọn. Fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ki apá rẹ̀ bọ abẹ́ abíyá rẹ, fún un mọ́ra, kí o wá sọ ìdí sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó. Fi ẹsẹ̀ kan kọ́ tirẹ̀. Di ẹrù sí i lára. Kí o wá ké pé, "Ẹ gbà mí o!" Kí o má sì dákẹ́. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ lè dá géńdé dúró báyẹn, àmọ́ kì í ṣe fún ìgbà pípẹ́. Bàbá Ayọ̀ kò tàn wá jẹ. Á ní, "Kì í ṣe ìwọ lo máa mú un. Ò ń dá a dúró dè wọ́n ni."

A ò bi í rí pé àwọn wo ni "wọn". Ta ló máa bèèrè irú ìyẹn? Gbogbo ènìyàn ni.

Ohun tí ẹ ò lè mọ̀ ni pé ìdajì ẹ̀kọ́ náà wà lọ́wọ́ àwọn tí wọn kò sí lórí yanrìn. Bí ẹnì kan bá di ẹnì kejì mú tó sì ké, gbogbo ọmọ agbolé gbọ́dọ̀ sáré wá níbikíbi tí wọ́n bá wà. Bí o bá ń fọ abọ́, ju abọ́ sílẹ̀. Bí o bá wà lórí igi, sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá dé kẹ́yìn ni yóò jọ yanrìn lọ́jọ́ kejì. Kí àwọn àgbà má baà máa sáré lásán, a máa ń kọ́kọ́ pariwo pé, "Eré ni o," kí a tó ké. Igbe tí wọn kò bá gbọ́ "eré ni o" ṣáájú rẹ̀, òótọ́ ni, tọmọdé tàgbà ló máa dìde.

Ó sì ṣiṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àṣàkẹ́ ń fa ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ bọ̀ láti oko, ọkùnrin kan tí a ò mọ̀ rí yọ sí i lójú ọ̀nà, ó fẹ́ gba ewúrẹ́ náà. Bí ọkùnrin yẹn ṣe fà á lọ́wọ́ báyìí, Àṣàkẹ́ ti wọlé sí i lábẹ́, ó ti sọ ìdí sílẹ̀, ó ń ké. Mo wà ní odò, mo gbọ́ igbe náà. N kò gbọ́ "eré ni o" ṣáájú rẹ̀. Mo fi korobá sílẹ̀, mo sáré. Kí n tó débẹ̀, ọ̀nà ti kún. Adẹ́mu ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ, igbà rẹ̀ wà léjìká rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń gún iyán mú ọmọ odó dání wá, iyán ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà ilé ìwé wa wá pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, gbogbo kíláàsì rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀ wá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un kó fi mí sílẹ̀, mi ò gba ewúrẹ́ mọ́." Àṣàkẹ́ ò gbọ́. Ó ti dijú, ó ṣì ń ké. Bàbá Ayọ̀ ló lọ fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Ó tó, ọmọ mi. Wọ́n ti dé."

Ẹ wá wo ibí. Ọmọ mi Délé àti ìyàwó rẹ̀ Bùkọ́lá ló mú mi wá, kí n lè máa wà nílé pẹ̀lú Morẹ́nikẹ́ ọmọ wọn nígbà tí Bùkọ́lá bá lọ sẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Àdúgbò Whitehorn là ń gbé, ojúlé sún mọ́ ojúlé débi pé bí ẹnì kan bá sín, ẹnì kejì yóò gbọ́. Síbẹ̀, mi ò tíì mọ orúkọ ẹni tó ń gbé lápá ọ̀tún wa. Mo mọ ọkọ̀ rẹ̀. Mo mọ ọjọ́ tó máa ń gbé bin ìdọ̀tí rẹ̀ síta. Ó máa ń juwọ́ sí mi, èmi náà á juwọ́ sí i. Ó parí síbẹ̀.

Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọ train, ìyá rẹ̀ fi í sí kíláàsì self-defence kan ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Mo bá a lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ rọ́bà aláwọ̀ búlúù, ó ń rùn bí táyà tuntun. Olùkọ́ wọn, obìnrin kúkúrú kan tó di irun rẹ̀ sẹ́yìn, mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó ṣe ń gbé apá sókè tí ìgúnpá rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú, inú mi dùn débi pé mo dìde lórí àga. Ohun tí Bàbá Ayọ̀ kọ́ wa nìyẹn, àfi ìyeyè nìkan ni kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kan bí wọ́n bá fani lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n wo ibi tí àtàǹpàkò ẹni náà wà, ibẹ̀ ni ìdìmú rẹ̀ ti ṣí, kí wọ́n yí ọwọ́ gba ibẹ̀ jáde, kí wọ́n sì sá. Kò sí ohun tó kọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn tí kò fi "and run" parí.

Nígbà tí a délé, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement, ẹ̀yin ò tíì kó wá nígbà yẹn. Mo bi Morẹ́nikẹ́ pé sá lọ síbo.

"Anywhere, Grandma. Just away."

"Tó bá sá tẹ̀ lé ẹ ńkọ́?"

"Then I run faster." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Grandma, have you ever even been in a fight?"

Mo ní, "Ṣé bí mo ṣe rí yìí náà ni wọ́n ṣe bí mi?"

Mo bọ́ sálúbàtà mi, mo ní kó fà mí lọ́wọ́. Ó fà á. Kó tó mọ̀, apá rẹ̀ ti wà lábẹ́ abíyá mi, mo ti sọ ìdí sílẹ̀, orúnkún mi sì ń ké ju ẹnu mi lọ. Ó fà, ó tì, kò lè jáde. Ó ní, "Wait. Grandma, what is that? Teach me."

Ẹ̀yin ọmọ, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ní kí n kọ́ òun ní nǹkan. Nínú ilé yìí, èmi ni wọ́n ń kọ́. Wọ́n ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tan stove, bí wọ́n ṣe ń pa alarm, bí wọ́n ṣe ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ sínú bin tó yẹ. Nítorí náà, mo kọ́ ọ. A ń ṣe é lórí kápẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn, bó bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́ tó jẹun tán. Ó mọ̀ ọ́n ju bí Àṣàkẹ́ ṣe mọ̀ ọ́n lọ, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì rọ̀. Mo kọ́ ọ ní igbe rẹ̀ pẹ̀lú, torí ìdìmú náà kò pé láìsí igbe. Ọmọ tí mo bá fi Yorùbá bá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ tí yóò máa fi òyìnbó dá mi lóhùn, bó bá ti di igbe yẹn, ohùn rẹ̀ á lọ sókè bí ohùn ọmọ ìlú wa. Ìyá rẹ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ó rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń sọ "eré ni o" kó tó ké.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Chinook yẹn, Morẹ́nikẹ́ ń bọ̀ wálé. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú train ní station, ó dúró díẹ̀, ó ń tẹ fóònù rẹ̀. Ọkùnrin kan fà á lọ́wọ́ látẹ̀yìn, ó fẹ́ gba fóònù náà. Ọkùnrin dúdú bíi tiwa ni, yóò tó bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ọmọ náà gbé apá sókè, ó dí ọwọ́ àkọ́kọ́. Ká ní ti olùkọ́ rẹ̀ ló tẹ̀ lé ni, ì bá ti yí ọwọ́ jáde nígbà yẹn, ì bá ti sá gba orí afárá station náà lọ, fóònù nìkan ni ì bá sì bọ́. Kò sá. Ó sún mọ́ ọn. Ó ki apá ọkùnrin náà bọ abẹ́ abíyá, ó sọ ìdí sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kọ́ tirẹ̀, ó sì ké pé, "Ẹ gbà mí o!"

Ènìyàn wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá obìnrin tó wá bá wa ní hospital ló sọ ọ́, Délé sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tí wọ́n rí ni ọmọbìnrin tó di ọkùnrin mú, kì í ṣe ọkùnrin tó di ọmọbìnrin mú. Wọ́n gbọ́ tó ń fi èdè kan pariwo mọ́ ọn, èdè tí kò yé wọn. Wọ́n ní àwọn rò pé bàbá rẹ̀ ni, pé ọ̀rọ̀ inú ilé wọn ni, àwọn ò sì fẹ́ dá sí i. Obìnrin kan tiẹ̀ fa ọmọ tirẹ̀ kúrò níbẹ̀ kí ọmọ náà má baà máa wo bàbá àti ọmọ tó ń jà.

Morẹ́nikẹ́ ń di ẹrù sí ọkùnrin náà lára. Ó ń dúró dè wọ́n. Ọkùnrin náà ń wọ́ ọ kiri. Bí ìdìmú yẹn bá pẹ́ jù, ẹni tó di ènìyàn mú ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Bàbá Ayọ̀ sọ ọ́ fún wa, ṣùgbọ́n ojú mi ò rí i rí, torí kò pẹ́ jù rí. Níkẹyìn, ọkùnrin náà gbá a mọ́ òpó irin kan. Eegun ọwọ́ ọmọ náà dá lókè ọrùn ọwọ́. Ìgbà yẹn nìkan ni Morẹ́nikẹ́ tó tú u sílẹ̀.

Ní hospital, Bùkọ́lá ní kí n má da ara mi láàmú, àmọ́ kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Délé kò bínú. Ó kàn jókòó tì mí, ó ní, "Màmá, ibí kì í ṣe ìlú wa." Mo ní mo ti gbọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n jáde lọ bá dókítà sọ̀rọ̀, ó wá ku èmi àti ọmọ náà. Wọ́n ti di ọwọ́ rẹ̀. Ètè rẹ̀ gbẹ. Mo fún un lómi.

Ó ní, "I held him, Grandma. I did it right."

Mo ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi."

"I held him the whole time."

Mo ń fọwọ́ pa á lórí. Ó dijú, mo tiẹ̀ rò pé oorun ti gbé e lọ. Ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá, jẹ́jẹ́, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń he abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

"Grandma, ta ló yẹ kó wá?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka wọ́n lọ́kàn mi. Adẹ́mu ti kú. Tíṣà wa ti kú. Àwọn obìnrin tó mú ọmọ odó dání, kò ku ẹyọ kan láyé. Àṣàkẹ́ kú sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n sì ní nínú àìsàn rẹ̀, kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ má sì rò pé mo ń sọ pé kí ẹ padà sílé, pé ibẹ̀ ṣì rí bí mo ṣe sọ ọ́. Kí n tó wá síbí, mo lọ sí ìlú wa lọ kí àbúrò mi. Wọ́n ti gé igi ìyeyè, wọ́n ti mọ odi ga yí ẹ̀yìnkùlé Bàbá Ayọ̀ ká, wọ́n tẹ ìgò fífọ́ sórí rẹ̀. Ẹni tó ni ín báyìí, Àbújá ló ń gbé. Ọ̀nà oko ti di igbó, torí ẹ̀rù àwọn ajínigbé, kò sẹ́ni tó ń dá gba ibẹ̀ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, igbe ta lẹ́yìn ilé. Ohùn obìnrin ni. Mo dìde. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo dìde, ẹsẹ̀ mi ló gbé mi. Ìyàwó àbúrò mi fa aṣọ mi, ó ní, "Ẹ jókòó, Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ènìyàn wà nílé." Ó ti ìlẹ̀kùn. Mo wá gbọ́ ní gbogbo àdúgbò, ilé kan lẹ́yìn òmíràn, tí àwọn irin ìlẹ̀kùn ń wọlé, gbà, gbà, gbà. Igbe náà dákẹ́. A ò gbọ́ ẹni tó ni ín títí mo fi kúrò níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bèèrè.

Nítorí náà, ọmọ náà bi mí ní ìbéèrè, n kò lè dáhùn. Ìdajì tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fún un. Ìdajì kejì kò sí ní Calgary, kò sì sí ní Èkìtì mọ́.

Nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń bọ̀ wálé, Délé ní àwọn á máa gbé e lọ ilé ẹ̀kọ́, pé kò ní wọ train mọ́. Bùkọ́lá ní bóyá ká kó lọ sí Chestermere, ìlú kékeré tó wà lẹ́yìn Calgary, ibẹ̀ dákẹ́, kò sí wàhálà. Mo ní ibi tó dákẹ́ gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Morẹ́nikẹ́ gbé orí lé gíláàsì. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tó ń sọ ju bí òun ṣe máa lọ sí college lọ́dún tó ń bọ̀, tí òun á máa dá lọ dá bọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní máa gbé òun kiri mọ́. Nísinsìnyí, ó ní bóyá òun kàn máa ṣe é online, nínú yàrá òun. Ó wá wò mí, kò fi ìbínú sọ ọ́, ó ní, "I don't want to practise anymore, Grandma." Mo ní kò burú.

Lóru ọjọ́ yẹn, mo jókòó, mò ń ro ọkùnrin tó fẹ́ ja Àṣàkẹ́ lólè, mò ń ro bí ọ̀nà ṣe kún. Mo rí i pé kì í ṣe igbe nìkan ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi wá. Wọ́n mọ ọmọ tó ń ké. Wọ́n mọ ìyá rẹ̀. Wọ́n mọ ewúrẹ́ náà pàápàá.

Ní ọjọ́ kejì, òtútù ti padà. Omi àná ti di yìnyín sórí àtẹ̀gùn, Délé sì ti bu iyọ̀ sí i kó tó lọ síbi iṣẹ́. Oògùn tí wọ́n fún Morẹ́nikẹ́ ń mú un sùn, ìyá rẹ̀ sì wà nílé. Mo wọ boots, mo wọ kóòtù ńlá, mo fi ìborùn wé orí àti etí, mo rọra rìn lọ sí station yẹn, mo bá elevator lọ sókè, mo gba orí afárá, mo sọ̀ kalẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń dúró de train. Mo ṣí àwòrán Morẹ́nikẹ́ sórí fóònù mi, èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn.

"Good morning," ni mò ń wí. Géńdé kan ti fi nǹkan dí etí, kò gbọ́. Ọkùnrin kan gbọ́, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Mo na fóònù sí ọmọge kan, mo ní, "My granddaughter," ó rò pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan, ó ní, "Sorry," ó sún lọ sí ìpẹ̀kun kejì. Train dé, ó kó wọn lọ, àwọn mìíràn sì tún dé. Mo kí àwọn náà. Ẹlòmíràn ní "beautiful" láìdúró. Àwọn kan dáhùn ìkíni mi, wọ́n tún padà sórí fóònù wọn. Mi ò bínú sí wọn. Òtútù mú, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ. Ìka mi kú, mo kó o sápò, mo tún yọ ọ́, mo kí àwọn tó tún dé.

Nígbà tó yá, obìnrin kan tó gbé àpò oúnjẹ dúró gan-an. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, àmọ́ ó wo àwòrán náà dáadáa, ó wo ojú mi, ó ní, "Good morning, Mama." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo fi òyìnbó díẹ̀ tí mo gbọ́ bi í pé, "Your name?" Train rẹ̀ ti dé, àwọn ènìyàn ń tì í wọlé. Ó yíjú padà, ìlẹ̀kùn sì padé láàárín wa. Mo rí i tó ń sọ orúkọ náà lẹ́yìn gíláàsì. N kò gbọ́ ọ.